Orí Kẹfà: Ẹgbẹ́ Alátakò àti Àbádòfin Ìpínlẹ̀ ní Apápá àti Ajégúnlẹ̀

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Aláúsá, Ìkẹjà, ní ìjókòó 40. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ìwé òfin Nàìjíríà mọ̀ ní Èkó ló pín in ní méjì-méjì. Apápá ní méjì. Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, tí Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, náà ní méjì. Àwọn mẹ́rin yìí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórúkọ èbúté ọkọ̀ ojú omi, ilé epo ńláńlá, ilé ìkẹ́rùsí, àti ọ̀kẹ́ àìmọye ìdílé tó ń gbé yàrá kan-kan láti Bọ́ńdírì dé Olódì.

Ìbéèrè kan la fẹ́ dáhùn nínú orí yìí. Bí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba bá gbé àbádòfin wá sílé, tí ẹgbẹ́ alátakò kò sì fẹ́ ẹ, kí ló kù tí alátakò lè ṣe? Ìwé òfin ní kó jiyàn, kó sì dìbò. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀yìn ìgbà tí gómìnà bá ti buwọ́ lùwé tán ni ìjà gidi máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe inú Ilé ni wọ́n ti ń jà á.

Ta ni wọ́n ń pè ní kọ́nsáfétífù?

Láti ayé Action Group ni àwọn olóṣèlú ilẹ̀ Yorùbá ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó tẹ̀ lé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n gbà pé kí ìjọba ná owó lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìlera ọ̀fẹ́, ń pe ara wọn ní onítẹ̀síwájú. UPN jáde láti ibẹ̀, AD tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà AC, ACN, àti APC. Àwọn tó yà kúrò lọ́dọ̀ Awólọ́wọ̀, tàbí tí wọ́n bá ẹgbẹ́ tó di ìjọba àpapọ̀ mú lọ, ni wọ́n ń pè ní kọ́nsáfétífù: NNDP ti Samuel Ládòkè Akíntọ́lá lọ́dún 1964, tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn mọ̀ sí Dẹ́mọ̀, NPN lọ́dún 1979, àti PDP láti ọdún 1998.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má wulẹ̀ gbé orúkọ wọ̀nyí lérí jù. Fúnṣọ́ Williams, tó dupò gómìnà Èkó lábẹ́ PDP lọ́dún 2003, inú AD ló ti bá Bọ́lá Ahmed Tinúbú du tíkẹ́ẹ̀tì nígbà ìdìbò 1999. Ẹni tó jẹ́ kọ́nsáfétífù láàárọ̀ lè di onítẹ̀síwájú kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tó dúró ṣinṣin lára orúkọ méjèèjì, lójú tèmi, ni ibi tí agbára ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà: àwọn onítẹ̀síwájú ló ni Aláúsá, àwọn kọ́nsáfétífù sì sábà máa ń gbójú lé ìjọba àpapọ̀ títí di ọdún 2015.

Ọdún 1979 jẹ́ ká rí i kedere. UPN gba gbogbo ìjókòó 36 tó wà nínú Ilé Aṣòfin Èkó nígbà náà. NPN kò rí ẹyọ kan. Síbẹ̀ NPN ló ni ìjọba àpapọ̀, Èkó gan-an sì ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè. Nítorí náà gómìnà Lateef Jákàńdè kò ní alátakò kankan nínú Ilé tirẹ̀, àmọ́ alátakò ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, òun ló sì mú àpò owó orílẹ̀-èdè dání. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá a pàdé.

Ìrìn àbádòfin, àti ìṣirò ìbò

Àbádòfin lè ti ọ̀dọ̀ gómìnà wá, ó sì lè ti ọwọ́ aṣòfin kan wá. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kíní, kíkà tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Nígbà kíkà kejì ni àwọn aṣòfin máa ń sọ bóyá wọ́n fara mọ́ èrò tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, tó lè pe aráàlú, àwọn onílé, àwọn oníṣòwò àti lọ́yà sí àpérò ìta gbangba. Bí ìgbìmọ̀ bá ti jábọ̀, ó ku kíkà kẹta. Abala 100 ìwé òfin ọdún 1999 fún gómìnà ní 30 ọjọ́ láti buwọ́ lù ú. Bí kò bá buwọ́ lù ú, Ilé lè tún un dìbò, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá sì fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ìbuwọ́lù gómìnà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún Ilé oníjókòó 40. Ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ 27. Alátakò tó bá fẹ́ dí ohunkóhun tó nílò 27 lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní 14. Àbádòfin lásán kò tilẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀. Abala 96 ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló yẹ kó wà níjókòó kí Ilé tó lè ṣiṣẹ́, ìyẹn èèyàn 14 ní Èkó. Abala 98 sì ní èyí tó bá pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n dìbò ló borí. Nínú èèyàn 14, mẹ́jọ ló ń borí.

Iye yẹn gan-an, mẹ́jọ, ni PDP ní nínú Ilé Èkó lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹrin ọdún 2015. Ọdún náà ni PDP gba ìjókòó ní Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, Ọ̀jọ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti Súrùlérè. Ajégúnlẹ̀ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́ ibi tí èdè pọ̀ sí. Yorùbá, Ìlàjẹ, Íjọ̀, Urhobo, Ìgbò àti Hausa jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dìbò fún ẹgbẹ́ Ààrẹ Goodluck Jonathan, ọmọ Íjọ̀, wọ́n sì rán Rita Orji ti PDP lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Abuja.

Lórí ìwé, ní ọjọ́ tí èèyàn 14 péré bá jókòó, mẹ́jọ yẹn lè da àbádòfin nù. Lójú ayé, ẹgbẹ́ tó ní 32 kì í jẹ́ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé: àwọn adarí ẹgbẹ́ á ti pe àwọn èèyàn wọn láti àárọ̀. Ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ alátakò lára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹ́jọ náà sọdá sínú APC kí sáà wọn tó parí. Abala 109 ní aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò pàdánù ìjókòó rẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín sí méjì tàbí tó bá dàpọ̀ mọ́ òmíràn. PDP ń jà nínú ara rẹ̀ nígbà náà, Ali Modu Sheriff níhìn-ín, Ahmed Makarfi lọ́hùn-ún, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dá Makarfi láre ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 2017. Ìjà yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọdá ní àwíjàre. Olùdìbò Ajégúnlẹ̀ tó rò pé òun ti rán alátakò lọ sí Aláúsá lè jí lọ́jọ́ kejì kó rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ ìjọba ni aṣojú òun.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ 37 (2002)

Àbádòfin tó tíì dá rògbòdìyàn sílẹ̀ jù ní Èkó ni èyí tó di òfin karùn-ún ọdún 2002, nígbà tí Tinúbú ń ṣe gómìnà lábẹ́ AD. Òfin náà dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 tuntun sílẹ̀ lórí 20 tó wà, gbogbo rẹ̀ wá di 57. Wọ́n gé Ìfẹ́lódùn jáde lára Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn. Wọ́n gé Apápá-Ìgànmú jáde lára Apápá.

Àwíjàre ìjọba lágbára. Kánò nìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ 44, Èkó tí èrò rẹ̀ ń ya wọlé lójoojúmọ́ ní 20. Iye ìjọba ìbílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó láti Abuja, nítorí náà ẹni tí káńsù rẹ̀ bá kéré, ìpín rẹ̀ á kéré. Ẹni tó bá rìn láti Bọ́ńdírì dé Amùkókò nígbà òjò, tó rí gọ́tà tó kún àti ọ̀nà tí omi ti gbà, kò ní bá ẹni tó ní káńsù kan ṣoṣo kò tó fún ibẹ̀ jiyàn.

Àwíjàre PDP náà kì í ṣe òfo. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ kan kò lè dá fi orúkọ kún un. Abala 8 to ìgbésẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: àwọn aṣojú àgbègbè náà nínú Ilé àti nínú káńsù yóò kọ́kọ́ béèrè fún un, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, aráàlú àgbègbè náà yóò dìbò lé e lórí, ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú káńsù ìpínlẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò wá fi ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà á. Kò tíì parí. Ilé Aṣòfin àpapọ̀ l'Abuja gbọ́dọ̀ ṣe òfin tí yóò kọ orúkọ tuntun náà sínú ìwé. Èkó rin ìrìn náà dé ilẹ̀kùn Abuja. Ilẹ̀kùn náà kò ṣí.

Ìdí tí kò fi ṣí kò fara sin. PDP ló pọ̀ jù l'Abuja. Lọ́dún 2003, ẹgbẹ́ náà gba Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì lọ́wọ́ AD lẹ́ẹ̀kan náà. Èkó nìkan ló kù. Alátakò tí kò lágbára ní Aláúsá ló wá di alágbára l'Abuja.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 2004, Èkó dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní káńsù 57. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kọ lẹ́tà sí mínísítà ètò ìnáwó: kí wọ́n má san owó ìpín ìjọba ìbílẹ̀ fún Èkó mọ́, àti fún Ebonyi, Katsina, Nasarawa àti Niger tí àwọn náà ti dá káńsù tuntun sílẹ̀. Kì í ṣe káńsù 37 tuntun nìkan ni owó wọn dúró. Ti 20 àtijọ́ náà dúró, Apápá àti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn wà lára wọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí owó náà ń san yóò mọ ibi tí ìyà náà balẹ̀ sí. Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Tólú kò mọ abala 8.

Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tààrà, nítorí ibẹ̀ ni òfin ní kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ ti máa jà. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 10, oṣù kejìlá, ọdún 2004, Adájọ́ àgbà Muhammadu Lawal Uwais ló ṣe olórí ìgbẹ́jọ́. Ìdájọ́ náà ní apá méjì, olóṣèlú kọ̀ọ̀kan sì máa ń ka apá tó wù ú. Apá kíní: kò sí ibi tí òfin ti fún Ààrẹ lágbára láti fọwọ́ mú owó ìjọba ìbílẹ̀. Apá kejì: Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rẹ̀ dídá káńsù tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n káńsù 37 náà kò tíì pé títí Abuja yóò fi ṣe ìpín tirẹ̀, nítorí náà káńsù 20 nìkan ni owó tọ́ sí.

Ọbásanjọ́ kò san owó náà síbẹ̀. Èkó tún òfin rẹ̀ ṣe, ó sọ káńsù 37 di agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní LCDA títí dòní. Umaru Musa Yar'Adua, ọmọ PDP bíi ti Ọbásanjọ́, ló wá san owó náà lẹ́yìn tó gorí àlééfà lọ́dún 2007.

Ta ló borí? Bí ẹ bá bi mí, PDP borí nínú òfin, AD sì borí nílùú. Ìfẹ́lódùn àti Apápá-Ìgànmú ṣì wà, wọ́n ní alága, wọ́n ní kánsẹ́lọ̀, wọ́n sì dìbò pẹ̀lú àwọn yòókù ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 2025. Àmọ́ orúkọ wọn kò sí nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Owó Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn tó ń ti Abuja bọ̀ ṣì jẹ́ owó ìjọba ìbílẹ̀ kan, káńsù méjì ló ń jẹ ẹ́. PDP kò rí òfin náà pa, ṣùgbọ́n ó so ó mọ́lẹ̀ débi tí kò fi dàgbà.

Owó ilé àti ilẹ̀ (2018)

Ọ̀rọ̀ kejì kàn onílé àti ayálégbé ní tààrà. Lọ́dún 2001, Èkó kó owó mẹ́ta pọ̀, owó ilẹ̀, owó ilé tí káńsù ń gbà, àti owó àtúnṣe àdúgbò, ó sọ ọ́ di ọ̀kan tó ń jẹ́ Land Use Charge. Àwọn alátakò bẹ̀rẹ̀ ìjà láti ibẹ̀, nítorí Àfikún Kẹrin ìwé òfin ka yíyẹ ilé wò láti gbowó lórí rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ káńsù.

Ní ọjọ́ 8, oṣù kejì, ọdún 2018, gómìnà Akínwùmí Ambode buwọ́ lu òfin tuntun tó rọ́pò ti 2001. Iye tí ilé lè tà lọ́jà ni wọn yóò máa fi ṣírò báyìí, ìdá tí wọ́n ń gbà sì lọ sókè. Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ní Ajégúnlẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ilé oníyàrá méjìlá tí wọ́n ń pè ní face-me-I-face-you. Ká ní iye rẹ̀ lọ́jà jẹ́ mílíọ̀nù 20 náírà. Òfin yọ 40% kúrò fún gbogbo onílé, ó ku mílíọ̀nù 12. Bí onílé bá ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ayálégbé, 0.256% ni yóò san, ìyẹn 30,720 náírà lọ́dún. Bí onílé bá ń gbé ibòmíràn tí ayálégbé gba gbogbo yàrá, ó di 0.76%, ìyẹn 91,200 náírà. Ẹ pín 91,200 sí yàrá méjìlá: 7,600 lórí yàrá kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi tí òfin náà ti ní kí ayálégbé san án, ṣùgbọ́n onílé tó gba bílì láàárọ̀ á ti ní àlàyé fún ìdí tí owó ilé fi gòkè kó tó di alẹ́.

Àfikún kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ Apápá yẹ kó mọ̀. Òfin ilé gbígbé tí Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lù lọ́dún 2011, tó ní kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, yọ Apápá sílẹ̀, pẹ̀lú Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọdá títì láàárín méjèèjì ti kúrò lábẹ́ òfin kan bọ́ sí òmíràn.

PDP Èkó kọ òfin 2018 náà, àmọ́ ariwo rẹ̀ kọ́ ló mì Aláúsá. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ẹ̀ka Ìkẹjà ló jáde sí títì, àwọn onílé àti àwọn oníléeṣẹ́ sì figbe bọnu. Nígbà tó di àárín oṣù kẹta, ìjọba gé owó tí wọ́n fẹ́ gbà: 50% lórí ilé ìṣòwò, 25% lórí ilé tí onílé àti ayálégbé jọ ń gbé, 15% lórí ilé tí onílé nìkan ń gbé. Lọ́dún 2020 ni gómìnà Babájídé Sanwó-Olú wá gbé òfin tuntun jáde tó dá ìdá náà padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Onílé wa tó ń gbé ibòmíràn, 0.394% ló kàn án, ìyẹn 47,280 náírà.

Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ṣe é. APC ló gbé owó náà sókè, APC ló sọ ọ́ kalẹ̀. Ambode pàdánù ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2018, ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lọ́wọ́ ló wá gba àwíjàre alátakò, ó sì fi ṣe tirẹ̀. PDP kò jèrè rẹ̀ níbi ìdìbò: lọ́dún 2019, APC kó gbogbo ìjókòó 40, ti Ajégúnlẹ̀ náà kò yọ. Ní 2023, àwọn alátakò tó padà wọlé láti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin kì í ṣe PDP rárá, ọmọ ẹgbẹ́ Labour ni wọ́n.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ́nsáfétífù tó kórìíra owó orí ilé gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò dúró de ìjókòó nínú ilé aṣòfin. Wọ́n kó ìbuwọ́lù jọ, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àpótí ìbò ní oṣù kẹfà ọdún 1978. Aráàlú fọwọ́ sí i pé owó orí ilé kò gbọdọ̀ ju 1% lọ, àti pé iye tí wọ́n fi ń ṣírò ilé kò gbọdọ̀ fi ju 2% gòkè lọ́dún. Ìwé òfin Nàìjíríà kò fún aráàlú ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ lórí òfin owó. Ó jẹ́ kí ará Amùkókò dìbò lórí bóyá kí wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò jẹ́ kó dìbò lórí iye tí yóò san sí i.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Ká ní ẹgbẹ́ alátakò ní ìjókòó 13 nínú Ilé Èkó. Àwọn ìgbésẹ̀ wo nínú abala 8 àti abala 100 ni wọ́n lè dí lọ́wọ́, èwo ni wọn kò lè dí? Ṣé ìdáhùn yín á yí padà bí wọ́n bá di 14?

Ẹ tún ṣírò owó ilé tí onílé rẹ̀ nìkan ń gbé, tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 50 náírà, pẹ̀lú 0.076% ti ọdún 2018 àti 0.0394% ti ọdún 2020. Kí ẹ tó dáwọ́ dúró, ẹ kọ ìpínrọ̀ kan gẹ́gẹ́ bí aṣòfin PDP láti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ní oṣù kìíní ọdún 2018, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi lòdì sí àbádòfin náà. Kí ẹni tó jókòó tì yín kọ ìdáhùn gẹ́gẹ́ bí kọmíṣọ́nà ètò ìnáwó.